Kí Ọ̀bẹ Tó Kan Ọrùn Màlúù

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tó dá ènìyàn, tó sì dá ẹran ọ̀sìn fún ìlò rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin,

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ wa dá lé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá, ìyẹn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gún fún màlúù. Ẹlòmíràn á ní, "Àfáà, kí ló kan wáàsí nínú abẹ́rẹ́ màlúù? Ṣebí ọ̀rọ̀ àwọn Fúlàní àti dókítà ẹran nìyẹn." Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan abọ́ ọbẹ̀ wa, ó kan Iléyá wa, ó sì kan ìbéèrè tí Ọlọ́hun yóò bi wá lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa. Ní ọdún kan, àwa méje dá owó jọ láti ra màlúù kan fún Iléyá. Nígbà tí a dé kárà, a rí màlúù kan tí owó rẹ̀ wálẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. A kò béèrè ìdí. Inú wa ń dùn pé a rí ọjà pọ́ọ́kú. A fà á wálé, a so ó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀kan nínú wa. Ní ọjọ́ kejì, ó kọ koríko, ó kọ omi. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti dùbúlẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Ni ariwo bá ta: "Ẹ mú ọ̀bẹ wá kíákíá kó tó kú! Ẹ sáà ti ṣe Bísímílàhì!" Èmi gan-an ni mo sáré wọlé lọ mú ọ̀bẹ.

Bàbá Fúlàní kan tí ìyàwó rẹ̀ máa ń ta wàrà ní àdúgbò wa ló ń kọjá lọ. Bàbá yà, ó wo màlúù náà, ó wo imú rẹ̀, ó sì ní kí a má fi ọ̀bẹ kàn án. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí nínú agbo òun, kí òun tó mọ abẹ́rẹ́, àti pé ọwọ́ ẹni tó bó awọ ẹran ọ̀hún ṣe egbò dúdú bí èédú. Ibi tí a ti ń jiyàn lọ́wọ́ ni màlúù náà kú sí. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde ní imú rẹ̀, kò sì dì. A pe dókítà ẹran. Ó ní a kò gbọdọ̀ là á. Kòtò jíjìn ni a gbẹ́, a da ẹfun sí i, a bò ó mọ́lẹ̀. Owó ènìyàn méje wọlẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Méjì nínú wa bínú gan-an. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe Bàbá Fúlàní yẹn, ọ̀bẹ ì bá ti bá màlúù náà láàyè, ẹran haláálì ni à bá sì jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan pátápátá. Nínú Súrà Máídà (5:3), níbi tí Ọlọ́hun ti ṣe òkú ẹran, ẹ̀jẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti àwọn yòókù léèwọ̀, Ó yọ èyí tí a bá bá láàyè tí a sì dúńbú sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé màlúù tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òkú ẹran, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló mú, ó fi ìdajì sílẹ̀.

Ìdajì kejì wà nínú Súrà Bákárà (2:168). Níbẹ̀, Ọlọ́hun pe gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n jẹ nínú ohun tó wà lórí ilẹ̀, èyí tó jẹ́ haláálì, tó sì tún jẹ́ tọyíbà, ìyẹn ni pé ó dára, ó mọ́, kò sì ní ìpalára nínú. Ọ̀rọ̀ méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀bẹ àti Bísímílàhì ló ń sọ ẹran di haláálì, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í pa kòkòrò àrùn. Inú agbo ni ìtọ́jú tó ń sọ ẹran di tọyíbà ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀bẹ ṣì wà nínú àkọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà lára ìtọ́jú náà.

Ti Iléyá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú hàdíìsì tí Al-Bara' ọmọ Azib gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka irú ẹran mẹ́rin tí kò tọ́ sí Iléyá: èyí tí ojú rẹ̀ fọ́ tó hàn gbangba, èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba, arọ tó hàn gbangba, àti èyí tó rù kan eegun. Bí a bá tilẹ̀ rí màlúù wa dúńbú ní ọjọ́ náà, Iléyá wa kò lè jókòó lé e lórí.

Ìbẹ̀rù Bàbá Fúlàní ni àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní anthrax. A kò gbé ẹ̀jẹ̀ màlúù náà dé ilé àyẹ̀wò, nítorí náà n kò ní búra pé òun ni, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ ni a rí. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á. Ó máa ń pa màlúù lójijì, ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì a sì máa jáde ní imú, ní ẹnu tàbí ní ìdí rẹ̀. Ohun tó mú un burú ju ọ̀pọ̀ àrùn lọ ni pé bí a bá la ẹran náà, tí afẹ́fẹ́ kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kòkòrò náà á wọ inú èèpo líle kan, á sì sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òjò á rọ̀, koríko á hù, màlúù mìíràn á jẹ níbẹ̀, àrùn á tún jí. Ẹni tó bó awọ ẹran náà lè ní egbò dúdú lára, ẹni tó jẹ ẹ́ lè ní in nínú ìfun, ẹni tó bá sì fà á símú, tirẹ̀ ló léwu jù. Iná tí a fi ń se ọbẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé láti pa èyí tó ti wọ èèpo. Ẹ wá wò ó: ọ̀bẹ tí mo sáré lọ mú láti fi gba owó wa là ni ì bá tú àrùn náà sí ẹ̀yìnkùlé tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré.

Ẹ má rò pé ìtàn ọ̀nà jíjìn ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àrùn yìí bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Gánà, ìjọba àpapọ̀ wa kìlọ̀ fún ará ìlú, wọ́n tilẹ̀ dárúkọ pọ̀nmọ́, ẹran tí a fi èéfín yan àti ẹran ìgbẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù náà ni a ṣe Iléyá. Nígbà tí yóò fi di àárín oṣù Keje, wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú oko ẹran kan ní agbègbè Sùléjà, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara tiwa yìí, ààlà kan náà ni wọ́n jọ ní. Màlúù tó bá sì ń ti òkè wá sí Ìpàta tàbí Akérébíata kì í dúró ní ẹnu ààlà láti sọ àrùn tó gbé wá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà àbáyọ ti wà tipẹ́. Ànábì wa kọ́ wa pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ tiwa ni kí a wá a. Ní ọdún 1881, ní abúlé Pouilly-le-Fort nílẹ̀ Faransé, Louis Pasteur gún àgùntàn 24 ní abẹ́rẹ́, ó fi 24 mìíràn sílẹ̀ láìgún, ó wá fi àrùn anthrax sí gbogbo wọn lára. Nígbà tí àwọn èrò dé ní ọjọ́ kejì sí i láti wá wò wọ́n, àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ ti kú tàbí kí wọ́n máa kú lọ, àwọn tó gbà á sì ń jẹko. Ní àwọn ọdún 1930, Max Sterne ní South Africa ṣe irú abẹ́rẹ́ náà tó tún dára jù, òun náà ni a sì ń lò ní ibi púpọ̀ láyé títí di òní. Nílẹ̀ wa níbí, ilé ìwádìí ìlera ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, nítòsí Jos, láti ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gún un fún màlúù ní ibi tí àrùn náà ti ń yọjú.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì pé abẹ́rẹ́ lè ṣe ohun ńlá, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà darandaran nípa àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest, tó pa màlúù bí ẹní gbálẹ̀ ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980. Abẹ́rẹ́ ni a fi lé e káàkiri Áfíríkà àti ayé, títí tí àwọn àjọ àgbáyé fi kéde ní ọdún 2011 pé ó ti parẹ́ pátápátá.

Kì í ṣe ẹran nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ta ni yóò dárúkọ Ìlọrin tí kò ní dárúkọ wàrà? Àrùn mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní brucellosis, tó ń mú kí màlúù máa ṣẹ́ oyún. Kòkòrò rẹ̀ máa ń bá wàrà tútù jáde. Ẹni tó bá kó o á máa ní ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, oríkèé á máa ro ó, àárẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbádùn, wọ́n á sì máa fún un ní oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù láìmọ̀ pé inú igbá ni àìsàn náà ti wá. Wàrà tí iná mú tó sì hó dáadáa kò léwu bẹ́ẹ̀. Nọ́nò tí a kò gbé kaná ńkọ́? Abẹ́rẹ́ wà fún àrùn yìí náà, tí a ń gún fún abo ọmọ màlúù kó tó dàgbà, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn darandaran wa. Dókítà ẹran ló sì yẹ kó gún un, nítorí kòkòrò inú rẹ̀ kì í ṣe òkú, ó lè ṣe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gún léṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni a dé yìí. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní E. coli O157. Ọdún 1982 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ dá a mọ̀ nídìí àìsàn ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Inú ìfun màlúù ló ń gbé. Kì í ṣe màlúù ní nǹkan kan: á jẹ, á sanra, ara rẹ̀ á máa dán. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kan ẹran níbi tí a ti ń pa á, tàbí tó bá wọ omi mímu, ó lè ba kíndìnrín ọmọ ènìyàn jẹ́. Ní ọdún 1993, ẹran lílọ̀ tí kò jinná pa ọmọdé 4 ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ṣàìsàn sì lé ní 700. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, òjò wọ́ ìgbẹ́ màlúù wọ kànga ìlú Walkerton ní Kánádà. Ènìyàn 7 kú, àwọn tó ṣàìsàn lé ní 2,000.

Àwọn onímọ̀ Kánádà wá abẹ́rẹ́ tí a lè gún fún màlúù kí kòkòrò náà lè dín kù nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ìjọba wọn sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2008. Kò lé kòkòrò náà tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dín in kù. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn olówó màlúù kò fi bẹ́ẹ̀ rà á. Ẹ sì lè mọ ìdí rẹ̀: màlúù wọn kò ṣàìsàn, bí wọ́n bá sì gún un, owó rẹ̀ kò ní lé sí i lọ́jà. Ọmọ ẹlòmíràn, ní ìlú mìíràn, tí wọn kò mọ̀ rí, ni abẹ́rẹ́ náà yóò ṣe láǹfààní. Wọ́n rò ó pé, ta ni yóò náwó nítorí ẹni tí kò mọ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí Mùsùlùmí dáhùn. Ànábì wa sọ fún wa pé ẹni tó bá gbin igi, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko sì jẹ nínú èso rẹ̀, sàárà ni fún un. Kò sọ pé kí agbingi kọ́kọ́ mọ orúkọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Súrà Máídà (5:32) sì jẹ́ kó yé wa pé ẹni tó gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tó gba gbogbo ènìyàn là. Nítorí náà, owó abẹ́rẹ́ tí ẹnì kan san fún màlúù tí ara rẹ̀ le, kí ọmọ ẹni tí kò mọ̀ má baà ṣàìsàn, sàárà ìkọ̀kọ̀ ni. Ẹni tó jẹ ẹran náà kò ní mọ̀, kò sì ní wá dúpẹ́. Ọlọ́hun nìkan ló rí i.

Àwọn kan á ní, "Ọlọ́hun ló ń ṣọ́ni. Màlúù tí kò nírù, Ọlọ́hun ní í bá a lé eṣinṣin." Òwe àgbà ni, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n màlúù tí kò nírù ni òwe náà sọ. Èyí tó nírù ńkọ́, tó wá ká ìrù rẹ̀ pọ̀, tó ní Ọlọ́hun ni yóò bá òun lé e? Ọlọ́hun ti fún wa ní ìmọ̀, Ó fún wa ní dókítà ẹran, Ó fún wa ní abẹ́rẹ́. Ìrù wa nìyẹn. Nígbà tí ẹnì kan bi Ànábì bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, èsì tó fún un ni pé kó so ó, lẹ́yìn náà kó gbára lé Ọlọ́hun. Òun kan náà ló kọ̀ fún ẹni tí ràkúnmí rẹ̀ ń ṣàìsàn pé kó má kó o wá bá èyí tí ara rẹ̀ le. Ìṣọ́ra kò ba ìgbàgbọ́ jẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbé gbogbo ẹ̀bi ka Fúlàní lórí. Ìlú wa kún fún gàá: Gàá Àkànbí, Gàá Ìmáàmù àti àwọn mìíràn. Ibùdó Fúlàní darandaran ni a ń pè ní gàá, kí ilé tó yí wọn ká. Shehu Alimi tí gbogbo wa ń bọlá fún, ọmọ Fúlàní ni. Nínú ìtàn tí mo sọ, àwa tí a mọ kéwú ni a mú ọ̀bẹ dání, darandaran ni kò jẹ́ kí a ṣìṣe. Ẹni tó ní màlúù díẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ, lè mọ iyì abẹ́rẹ́ kó má rí owó rẹ̀ san. Àwa tí à ń jẹ ẹran rẹ̀ ńkọ́?

Kí wá ni kí a ṣe?

Èkíní, bí ẹ bá fẹ́ ra màlúù Iléyá, ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, ẹ béèrè bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́, àti ìgbà tó gbà á. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n gún un ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa pa á. Ó yẹ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà láàrin abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ, dókítà ẹran ni yóò sì sọ iye rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ múra Iléyá, kó bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù.

Èkejì, bí owó màlúù bá wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ̀kẹta, bí màlúù bá ṣubú lójijì tàbí tó kú, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ má bó awọ rẹ̀, ẹ má là á. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹran.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ alápatà tàbí tí ẹ ń ta màlúù, ẹ rántí ọjọ́ tí Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan, tó rí i pé abẹ́ rẹ̀ tutù, tó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ má sá fún wolé-wolé. Ẹ má jẹ́ kí ìgbẹ́ kan ẹran. Abẹ́rẹ́ kò gba ipò omi mímọ́ àti ọ̀bẹ mímọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin arábìnrin àti arákùnrin tó wà nílé, ẹ jẹ́ kí ẹran jinná dénú, kí wàrà hó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìlọrin, ẹ mọ̀ pé ìjọ́sìn ni ẹ̀kọ́ yín bí àníyàn yín bá dára. Ẹ wá sí mọ́ṣáláṣí, kí ẹ ṣàlàyé fún jámáà.

Ẹ̀kẹfà, kí ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó Iléyá láti ran darandaran tí kò lágbára lọ́wọ́, kó lè gún agbo rẹ̀ ní abẹ́rẹ́. Àwa méje yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó bínú ní ọjọ́sí ló ń di orí ọmọ màlúù mú báyìí nígbà tí dókítà bá ń gún un. Ìkejì kò tíì gbà títí di òní. Ó ṣì ń sọ pé owó òun wọlẹ̀. Òun gan-an ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, àti gbogbo ẹni tó bá ń rò bíi tirẹ̀. Arákùnrin mi, owó rẹ wọlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé yẹn ṣì ń ṣeré níbẹ̀ títí di òní.

Kí Ọlọ́hun fi haláálì tó mọ́ bọ́ wa. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa gbé àìsàn fún ẹnikẹ́ni. Kí Ó dáàbò bo àwọn ẹran ọ̀sìn wa àti àwọn tó ń dà wọ́n. Kí Ó gba Iléyá wa ní ìtẹ́wọ́gbà. Àmín.